Owó Ibodè Tí Mo Gbé Lé Ẹlòmíràn Lórí

Òwò ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mò ń ṣe ní Ìbàdàn. Bí ìjọba bá ti fọwọ́ kan owó ibodè, àwa oníṣòwò la máa ń kọ́kọ́ ké pé wọ́n ti pa wá. Èmi náà ké títí ohùn mi fi há. Lónìí, mo jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa. Orúkọ mi ló wà lórí ìwé, ṣùgbọ́n owó náà kò ti àpò mi jáde.

Ní ọdún 2023, mo bá ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ dúnàádúrà ọkọ̀ Sienna kan tí wọ́n fẹ́ fi máa kó èrò láti Ìbàdàn lọ sí Èkó. Mo dárúkọ iye kan, mo ní gbogbo ìnáwó ti wà nínú rẹ̀, títí kan owó ibodè. Wọ́n san án pé. Àṣìṣe mi àkọ́kọ́ nìyẹn: mo ṣèlérí lórí owó tí kò sí ní ìkáwọ́ mi.

Ẹ wo ìṣirò rẹ̀. Lọ́dún náà, owó ibodè ọkọ̀ àlòkù jẹ́ ìdá 20 nínú 100 iye ọkọ̀, a sì tún ń san ìdá 15 iye ọkọ̀ lé e. Ọkọ̀ tí wọ́n bá dá iye rẹ̀ sí 5,000 dọ́là yóò san 1,750 dọ́là, kí á tó kan àwọn owó kéékèèké mìíràn. Dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, náírà la fi ń san án. Nígbà tí mo gbowó lọ́wọ́ ìyá, nǹkan bí 422 náírà ni Kọ́sítọ́ọ̀mù ń ka dọ́là kan sí. Iye yẹn jẹ́ nǹkan bí 739,000 náírà. Láàárín oṣù kẹfà, Báńkì Àpapọ̀ ní kí náírà máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Kí oṣù náà tó parí, dọ́là ti di 589 náírà lọ́dọ̀ Kọ́sítọ́ọ̀mù. Ọkọ̀ ti gúnlẹ̀ ní èbúté Tin Can ní Èkó nígbà náà.

Mo ní owó tí mo lè fi dí i. Mi ò yọ ọ́. Mo pe ìyá lórí fóònù pé kí wọ́n wá nǹkan kún un.

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ kọ́ lo ní kò sí owó mìíràn mọ́?"

Mo ní ìjọba ló fà á, mà. Bí a ti ń fà á mọ́ra wa lọ́wọ́, owó ìdúró ọkọ̀ ń ga sí i ní èbúté. Nígbà tó fi di oṣù keje, dọ́là ti lé ní 770 náírà. Owó tó jẹ́ 739,000 di nǹkan bí 1,349,000. Ìyá lọ yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wọn. Wọ́n san án, wọ́n gbé ọkọ̀ wọn, wọn ò sì bá mi ṣòwò mọ́, àwọn àti gbogbo ẹni tí wọ́n mọ̀.

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi jẹ ẹ́, ẹlòmíràn ló ru igbá. Ẹni tó ta ọkọ̀ fún mi ní Amẹ́ríkà ti gba dọ́là rẹ̀ pé kí wọ́n tó gbé e sínú ọkọ̀ ojú omi. Èmi náà mú èrè mi. Ìyá fowó kún owó ọkọ̀ tí èrò ń san nítorí gbèsè. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wọ ọkọ̀ náà ní Challenge ní Ìbàdàn, tí kò dé Tin Can rí, òun ló san án.

Èyí tó burú jù ló kù. Àwọn ọkọ̀ kan wà nínú ọgbà mi tí mo ti san owó ibodè wọn nígbà tí dọ́là wà ní 422. Bí mo ṣe gbọ́ 589, mo fowó kún tiwọn náà. Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2018, nígbà tí wọ́n gbé owó ibodè lé ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń ti òkèèrè wá. Àwọn tó ń ṣe é nílé náà fowó kún tiwọn, kódà ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, tí owó ibodè náà kò kàn, gbówó lórí pẹ̀lú.

Ìjọba lè ní ìdí rere tí wọ́n fi ń gba owó ibodè. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má sọ fún aráàlú pé àjèjì ló ń san án. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ máa kọ owó ibodè sọ́tọ̀ sórí ìwé kí oníbàárà lè rí i. Bí ẹ bá sì ti ṣèlérí, ẹ ru ẹrù yín. Ẹ̀yin tí ẹ ń rajà, bí ẹ bá gbọ́ pé wọ́n fowó kún owó ibodè, ẹ má bi ara yín léèrè pé ta ni yóò san án. Ẹ̀yin ni.