Ọ̀rọ̀ Pẹ̀lẹ́ Nínú Yàrá Ìwádìí

Ní ìgbà kan rí, ẹgba àti kùmọ̀ ni ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń wá ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tí wọ́n bá fura sí. Ẹni tí ìyà bá sì jẹ dójú ikú, kò sí ohun tí kò lè jẹ́wọ́. Ní ọdún 1936, nínú ẹjọ́ àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú mẹ́ta kan láti Mississippi, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ilẹ̀ náà dá a pé ìjẹ́wọ́ tí a fi ẹgba gbà kò lè dúró bí ẹ̀rí.

Bí ọ̀nà ẹgba ti ń dí, àwọn olùwádìí yíjú sí ìmọ̀ nípa ọkàn ènìyàn. Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. John Reid, ọlọ́pàá àtijọ́ kan ní Chicago, sì sọ ọgbọ́n yìí di iṣẹ́. Nínú yàrá kékeré, olùwádìí yóò sọ fún afurasí pé ó dá òun lójú pé òun ni ó hu ìwà náà. Bí ó bá fẹ́ sẹ́, yóò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni yóò rẹ ohùn sílẹ̀, tí yóò káàánú rẹ̀, tí yóò sì bá a wá àwíjàre, títí ìjẹ́wọ́ yóò fi dà bí ìtura.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1955, Darrel Parker, òṣìṣẹ́ tí ń tọ́jú igi ìlú Lincoln ní Nebraska, wọlé bá òkú ìyàwó rẹ̀. Wọ́n ránṣẹ́ pe Reid. Ó fi ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń mọ irọ́ dán ọkọ náà wò, ó sì bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ọ̀fọ̀ ṣẹ ọkùnrin yìí, ó ti rẹ̀ ẹ́, ó jẹ́wọ́. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ní irọ́ ni òun pa mọ́ ara òun. Ta ni yóò gbọ́? Wọ́n sọ ọ́ sí ẹ̀wọ̀n gbére. Òkìkí Reid kàn. Ní 1962, òun àti Fred Inbau tẹ ìwé tí ọ̀pọ̀ ọlọ́pàá fi kọ́ṣẹ́.

Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni kò kìlọ̀. Láti 1908 ni Hugo Münsterberg, onímọ̀ nípa ọkàn ní Harvard, ti kọ ọ́ sínú ìwé pé aláìṣẹ̀ lè jẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n apá kan ìmọ̀ náà, èyí tí ń ṣí ẹnu ènìyàn, ni àwọn olùwádìí mú.

Ní 1988, ọ̀daràn mìíràn kú sí ẹ̀wọ̀n. Nígbà náà ni àwọn agbẹjọ́rò rẹ̀ tú u síta pé ó ti jẹ́wọ́ fún àwọn pé òun ni ó pa obìnrin náà. Wọ́n dárí ji Parker ní 1991. Ní 2012, ìjọba Nebraska tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì san 500,000 dọ́là fún un. Ó ti di arúgbó.