Owó Àjọ Ìyá Mi Fẹ́ẹ̀ Wọgbó Nítorí Ìwé Ọ̀fẹ́!

Ọ̀rọ̀ láìbìrì yunifásítì ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ṣí ojú ewé yìí kọjá, owó yín wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

Lálẹ́ ọjọ́ kan ni àbúrò mi ọkùnrin pè mí lórí fóònù. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ló ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Olùkọ́ wa ní ká ka àpilẹ̀kọ mẹ́rin ká tó kọ iṣẹ́ àṣekágbá wa. Mo rí wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ dọ́là 35 ni wọ́n ń gbà lórí ẹyọ kan." Nínú ọkàn mi, mo pè é ní olódo. Ṣé òun nìkan ló ń kàwé níbẹ̀ ni?

Ìyá wa, tó ń ta èlùbọ́ ní Bódìjà, gbọ́. Wọn ò jiyàn. Wọ́n kàn ní, "Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló kàn mí láti kó àjọ. Màá fún un." Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń dá àjọ, ẹ mọ ohun tójú ń rí kówó yẹn tó pé. Owó tí wọ́n fẹ́ fi ra ọjà kún ọjà ni.

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ní sùúrù. Ìwé mẹ́wàá péré lèmi kà, àmọ́ iṣẹ́ ìròyìn ti kọ́ mi pé abèèrè kì í ṣìnà. Èmi àti àbúrò mi bá gba láìbìrì wọn lọ. Ìyá kan tó jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀ gbọ́rọ̀ wa, ni wọ́n bá kígbe: "Háà! Ọ̀fẹ́ mà ni! Ó wà lórí ìkànnì wa. Ẹ ṣáà tẹ ibi tí wọ́n kọ ‘Databases’ sí."

Lóòótọ́ ni. Láti ọdún 2003 ni àjọ FAO ti dá ètò AGORA sílẹ̀, káwọn ilé-ẹ̀kọ́ láwọn ilẹ̀ tówó ò ti pọ̀ lè máa rí ìwé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ kà lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí lówó pọ́ọ́kú. Láìbìrì wọn wà nínú ètò náà.

Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀. "Ẹ má bínú mà, mo rí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo rò pé tàwọn tó ń kọ́ kọ̀ǹpútà ni."

Wọn ò lè fèsì.

Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún ìkànnì náà ṣe, wọ́n ní kí n wá wò ó. Akẹ́kọ̀ọ́ 5 péré ni wọ́n pè, àbúrò mi wà nínú wọn. Jakob Nielsen, ògbóǹtagí nídìí iṣẹ́ yìí, ti kọ ọ́ ní 2000 pé èèyàn 5 tó láti fi rí èyí tó pọ̀ jù nínú àléébù ìkànnì. Kẹ́ ẹ ṣàtúnṣe, kẹ́ ẹ tún pe àwọn mìíràn. Lọ́kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń jókòó. Wọ́n ní kí kálukú wá àpilẹ̀kọ kan, kó máa sọ ohun tó ń rò jáde. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́. Ojú tì mí lọ́jọ́ náà: mẹ́rin nínú wọn ló ṣìnà lójú kan náà, títí kan ọ̀dọ́mọbìnrin tí wọ́n ní orí ẹ̀ pé jù ní kíláàsì. Ọ̀gá láìbìrì jókòó lé ọwọ́ ara wọn kí wọ́n má baà nàka.

Lẹ́yìn náà, wọ́n kọ orúkọ gbogbo ohun tó wà lórí ìkànnì sórí páálí kéékèèké, wọ́n ní káwọn ọmọ náà ṣà wọ́n jọ bó ṣe yé wọn, bí ẹ ṣe ń ṣa ata rodo sọ́tọ̀, tàtàṣé sọ́tọ̀. Orúkọ tí kò yé wọn, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Bí ‘Databases’ ṣe lọ nìyẹn. Gẹ̀ẹ́sì tó yéni ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, pé ibí lẹ ti lè rí àpilẹ̀kọ kà.

Ẹ̀yin télọ̀, bí búláòsì bá fún oníbàárà lápá, ṣé ẹ máa ń ní apá ẹ̀ ló tóbi jù? Ẹ ó tú u, ẹ ó tún un rán ni. Ohun tí láìbìrì yẹn ṣe nìyẹn. Èmi ni mo kọ́kọ́ dá oníbàárà lẹ́bi. Mo ti bẹ àbúrò mi.

Ìyá wa kó àjọ wọn, èlùbọ́ ni wọ́n fi rà. Ẹ̀yin náà, bọ́mọ yín bá ní òun fẹ́ fowó ra ohun kíkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má bú u, ẹ má sì tíì sanwó. Ẹ ní kó kọ́kọ́ lọ béèrè ní láìbìrì. Ẹ̀yin ọ̀gá láìbìrì ńkọ́? Ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá béèrè. Ẹ̀yin gan-an ni kẹ́ ẹ bi wọ́n.