Òpin Ọ̀sẹ̀ Kan ní Etí Omi Michigan

Àwọn kan ń bi wá léèrè ibi tí a wọlẹ̀ sí ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá, tí a ò fi wá sí ìpàdé. Kò sí àṣírí níbẹ̀. South Haven la lọ, ní ìpínlẹ̀ Michigan, ní òdì kejì adágún omi tí gbogbo wa ń rí tí a bá ń wakọ̀ lọ ní DuSable Lake Shore Drive. Ìyá méjì ni wá, pẹ̀lú ọmọbìnrin mẹ́ta.

Ọ̀rẹ́ wa kan ló pè wá. Júù ni, a jọ ń gbé àdúgbò kan ní West Rogers Park. Lọ́dọọdún ni àwọn obìnrin sínágọ́gù wọn máa ń kó àwọn ọmọbìnrin wọn lọ sí etí omi láti sinmi, láti gbàdúrà, kí wọ́n sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tó ní ká jọ lọ, a kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí ni tiwa níbẹ̀? Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ní Amẹ́ríkà yìí, ilé gan-an ti di oko mọ́ wa lọ́wọ́. A ní a ó lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ la gbéra, aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọ̀rẹ́ wa ti ṣáájú láti àárọ̀. Ọ̀nà náà tó 130 máìlì: ẹ ó gba I-94 kọjá Gary àti àwọn òkè iyanrìn Indiana, ẹ ó wọ Michigan, kí ẹ tó bọ́ sí I-196. Mọ́tò dì pa ní Dan Ryan. A ṣírò pé a ó débẹ̀ ní aago méje, a sì débẹ̀ ní aago méje lóòótọ́. Àṣé aago South Haven fi wákàtí kan ṣáájú ti Ṣikágò! Aago mẹ́jọ ti lù lọ́dọ̀ wọn. Àwọn obìnrin náà ti wọ aṣọ funfun, wọ́n ń to àbẹ́là, nítorí ó kù díẹ̀ kí oòrùn wọ̀. Ìṣẹ́jú 18 ṣáájú kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n máa ń tan àbẹ́là ọjọ́ ìsinmi wọn, wọn kì í sì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ará, nǹkan ń bẹ tí kò mọ ‘African time’ o.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ dùn wá. Kúlà ńlá la gbé lọ́wọ́: ọ̀lẹ̀lẹ̀ tí a fi ewé pọ́n, tí a sẹ̀ láti òru. A fẹ́ gbé e wọ ilé ìdáná, ni ọ̀rẹ́ wa bá sáré wá dúró sí ẹnu ọ̀nà. Ó ní, ‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, kò lè wọlé.’ Ojú tì wá. A rò pé wọ́n ń kórìíra oúnjẹ wa ni. Ọ̀kan nínú wa ti ń wo ibi tí kọ́kọ́rọ́ mọ́tò wà.

Ó mú wa jókòó síta, ó ṣàlàyé. Edé wà nínú ọ̀lẹ̀lẹ̀ náà, edé sì jẹ́ èèwọ̀ fún Júù, nítorí ohun inú omi tí kò bá ní lẹbẹ àti ìpẹ́, wọn kì í jẹ ẹ́. Wọn kì í pa ẹran pọ̀ mọ́ wàrà. Àní ìkòkò ibi ìdáná wọn kò gbọdọ̀ fara kan ìkòkò tó ti se nǹkan wọ̀nyẹn. Ó ní òun ì bá ti sọ fún wa ṣáájú, ẹ̀bi òun ni. Inú wa rọ̀. Èèwọ̀ kọ́ ni ọmọ Yorùbá yóò sọ pé òun ò gbọ́ rí. A jókòó sábẹ́ igi, a jẹ ọ̀lẹ̀lẹ̀ wa, ọ̀rẹ́ wa sì jókòó tì wá pẹ̀lú ago omi lọ́wọ́ títí a fi jẹun tán.

Ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá ló wá bèèrè, ‘Mummy, àwa ńkọ́? Kí ni èèwọ̀ tiwa?’ A sọ fún un pé àwọn olóòṣà Ọbàtálá kì í mu ẹmu. Ó ní, ‘Rárá, tiwa gan-an, ti ìdílé wa.’ A wo ara wa lójú. A ò rí èsì fọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, wọn ò tẹ fóònù, wọn ò wa mọ́tò, wọn ò ná owó, wọn ò sì lúwẹ̀ẹ́. Àdúrà, oúnjẹ, oorun àti ìrìn ẹsẹ̀ ni. A bá wọn rìn létí omi. Ilé iná pupa kan wà ní ìpẹ̀kun èbúté, láti 1903 ló ti ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Omi náà lọ bí òkun, ojú ò rí òdì kejì, ṣùgbọ́n kò níyọ̀. Níbi tó ti jìn jù, ó jìn tó 281 mítà. Àwa tí a dàgbà ní Èkó rántí Bar Beach, tí wọ́n ti fi iyanrìn dí báyìí, tí wọ́n ń kọ́ Eko Atlantic lé lórí.

Ìyá àgbà kan tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún ló bá wa jókòó lórí bẹ́ńṣì. Ó ní ọ̀pọ̀ Júù tó wá láti Rọ́ṣíà àti Pólàńdì ló kún àdúgbò Maxwell Street ní Ṣikágò láyé àwọn òbí òun àgbà. Ooru ń pa wọ́n, ọ̀pọ̀ òtẹ́ẹ̀lì etí omi kì í sì í gba Júù. Àwọn kan nínú wọn ra oko ní South Haven. Nígbà tí oko ò mówó wọlé tó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gba àlejò nígbà ooru, àlejò di ilé ìtura, Fidelman's sì lókìkí jù nínú wọn. Ọkọ̀ ojú omi ló ń gbé wọn wá láti Ṣikágò. Ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, Eastland, tí wọ́n kàn ní 1903 fún ọ̀nà South Haven gan-an, ló dojú dé nínú odò Chicago ní ọjọ́ 24 oṣù keje 1915, tí èèyàn 844 kú, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì kúrò létí èbúté.

Àwa náà sọ tiwa fún un, kí àwọn ọmọ lè gbọ́. Létí omi kan náà yìí, nítòsí òpópónà 29th ní Ṣikágò, ní ọjọ́ 27 oṣù keje 1919, ọmọ dúdú kan tó ń jẹ́ Eugene Williams, ọmọ ọdún 17, lúwẹ̀ẹ́ kọjá ibi tí àwọn aláwọ̀ funfun kà sí tiwọn. Wọ́n sọ ọ́ lókùúta, ó sì kú sínú omi. Ìjà tó tìdí rẹ̀ yọ pa èèyàn 38. Irú ẹ̀tanú bẹ́ẹ̀ ló fà á tí àwọn aláwọ̀ dúdú fi ní ibi ìsinmi tiwọn ní Idlewild, ní Michigan níbí, láti 1912. Ìyá náà di ọwọ́ wa mú, kò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí òfin 1964 dé, tí òtẹ́ẹ̀lì kò lè lé ẹnikẹ́ni nítorí àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn mọ́, tí ọkọ̀ òfúrufú sì ń gbé èèyàn lọ sí Florida, ilé ìtura wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí tì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá ní ti ilé ìtura kọ́ ló dun òun. Ó ní, ‘Yiddish ni àwọn òbí mi ń sọ lórí iyanrìn yìí. Ìgbà tí wọn ò bá fẹ́ ká gbọ́ ni wọ́n máa ń sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ di àṣírí. Wọ́n kú, wọ́n sì gbé àṣírí náà lọ.’

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yẹn gún wa lọ́kàn. Nítorí kí ni àwa ń ṣe nílé? Tí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀ owó, tàbí tí a bá fẹ́ ṣe òfófó, a ó yí i sí Yorùbá kí àwọn ọmọ má baà gbọ́. Tó bá wá di ọ̀rọ̀ gidi, ti ìfẹ́, ti ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì la fi ń sọ ọ́ fún wọn. Àwa fúnra wa la ń ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn, lẹ́yìn náà a ó ní wọn ò fẹ́ wọlé.

Nígbà tí ìràwọ̀ mẹ́ta yọ lójú ọ̀run, wọ́n fi àbẹ́là híhun, wáìnì àti ohun olóòórùn dídùn sin ọjọ́ ìsinmi wọn lọ. Wọ́n gbé àpótí kékeré náà yí ká kí oníkálukú gbóòórùn rẹ̀. Kànáfùrù ni! Àwọn ọmọ wa kígbe pé, ‘Òórùn ilé Grandma!’ Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Àìkú, a wọ omi. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ gbọ́: òmùwẹ̀ ni í bómi lọ. Ìṣàn kan ń bẹ nínú omi Michigan tó máa ń wọ́ èèyàn lọ sáàárín. Tí ẹ bá rí àsíá pupa, ẹ dúró sórí iyanrìn. Tó bá gbé yín, ẹ má bá a jà. Ẹ lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tó padà sétí.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìyá, ẹ jẹ́ ká sọ èyí pẹ̀lú. Ní 1893, nígbà Àfihàn Àgbáyé tó wáyé ní Ṣikágò, obìnrin Júù kan láti ìlú yìí, Hannah Solomon, kó àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ. Ibẹ̀ ni National Council of Jewish Women ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wà títí dòní. Ẹgbẹ́ lè pẹ́, tí ẹni tó ń gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ wa bá gbọ́ ohun tí a ń sọ.

Lọ́jọ́ Ajé, a pe Màmá ní Iléṣà. Ọmọ wa gba fóònù, ó fi Yorùbá rẹ̀ tó ń ta gẹ́gẹ́ bèèrè pé, ‘Màmá, kí ni a kì í jẹ?’ Màmá dákẹ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì sunkún. Ó ki ọmọ náà láti òkè délẹ̀. Ó ní òkété ni, ìran wa kì í jẹ òkété. Ó ní, ‘Ṣé ẹ ò sọ fún un rí ni?’

Ọmọ náà gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Ó ní èèwọ̀ yìí ò lè ṣòro, kò kúkú sí òkété ní Ṣikágò. Láti ọjọ́ náà, a ti fi òfin kan sílé wa: ọ̀rọ̀ àṣírí, Gẹ̀ẹ́sì la ó fi sọ ọ́. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín sí wa, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́.

Ká má rí ìjà omi o. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Tiwa kò ní gbẹ. Àṣẹ.