Òkè Ọ̀kà: Ọgbà Tí A Kì í Sanwó Wọ̀

Ẹni tí ó bá ti Ọ̀wọ̀ bọ̀, tí ó dé Àkùngbá tí ó yà sí ọ̀nà Ọ̀kà Àkókó, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé àárín àpáta ni òun ń rìn. Mo gun òkè náà láti ìsàlẹ̀ ìlú ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Ẹsẹ̀ mi ti wúwo kí n tó dé ìdajì, ṣùgbọ́n irú afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́ sí mi lójú lókè náà, kò sí fáànù tí ó lè fẹ́ ẹ.

Ìyá àgbà kan ń sá láfún sórí àpáta, ewúrẹ́ sì ń wò ó bí olè. Mo kí i pé, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Mama." Ó dáhùn, ó sì nawọ́ sí ìsàlẹ̀: "Ọmọ mi, nígbà èwe mi, a kì í rí òrùlé wọ̀nyẹn láti ibí. Igi ni ó bò wọ́n. Wọ́n ti gé e dáná."

Ọ̀rọ̀ yìí kọ mí lóminú. Gbòǹgbò igi ni ó ń di ilẹ̀ òkè mú. Bí igi bá tán, wàrà ni òjò yóò máa ya wọ ilé àwọn tí ó wà nísàlẹ̀. Ìbàdàn kò gbàgbé ohun tí odò Ògùnpa ṣe ní 1980, àti ìkún omi ti 2011.

Ní Lẹ́kí l'Ékòó, ọgbà igbó kan wà tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, hẹ́kítà 78 ni. Afárá tóóró tí wọ́n so sókè láàárín igi níbẹ̀ gùn tó mítà 401. Owó ni ènìyàn ń san kí ó tó wọlé, àwọn ará Èkó sì ń sanwó náà láti lọ wo ọ̀bọ, ẹranko tí bàbá wọn ń fi òkò lé kúrò lóko! N kò bú wọn. Ẹni tí kò rí igi láti Mọ́ńdè dé Sátidé yóò sanwó fún un.

Ẹ̀yin tíṣà Àkókó, ọ̀fẹ́ ni tiyín. Ẹ kó àwọn ọmọ gòkè. Àwọn mẹ́ta tí mo bá pàdé bí mo ti ń sọ̀ kalẹ̀ mọ orúkọ gbogbo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìrókò tí wọ́n jókòó sábẹ́ rẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó mọ orúkọ rẹ̀.