Kaneshie, Ọjà Abẹ́ Àtùpà

Ẹni tó bá ń ti Cape Coast tàbí Takoradi bọ̀ wá sí Accra, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Gánà, Kaneshie ló sábà máa ń gbà wọ àárín ìlú. Kí ọkọ̀ tó dúró tán ni yóò ti máa gbọ́ ariwo àwọn ọmọ ọkọ̀, tí wọ́n ń pè ní mate lọ́hùn-ún: "Circ! Circ! Circ!" Oríta ńlá Kwame Nkrumah Circle ni wọ́n ń pe èrò sí. Irú ọkọ̀ tí ará Èkó mọ̀ sí dáńfó, trotro ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Bí èrò bá sì ń sọ̀ kalẹ̀, kó yáa wo ilẹ̀ dáadáa, nítorí ẹsẹ̀ kan lè bọ́ sórí títì kí èkejì bọ́ sínú abọ́ tòmátì. Iṣu wà lọ́tùn-ún, bàtà òkìrìká wà lósì, ata, ẹja gbígbẹ àti aṣọ ọmọdé sì wà níwájú.

Ohun tó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé ilé ọjà ńlá kan wà nítòsí gbogbo rúkèrúdò yìí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta ni, láti àwọn ọdún 1970 ló sì ti wà níbẹ̀. Oúnjẹ wà nísàlẹ̀, bí èèyàn bá ṣe ń gòkè ni yóò máa bá àwọn ọjà mìíràn pàdé, títí dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣọ àti àwọn aránṣọ. Òrùlé wà lórí rẹ̀, òjò kò lè pa ẹni tó wà nínú rẹ̀. Kí ló wá dé tí ìyá ọlọ́mọ fi fi ilé sílẹ̀, tó lọ pàtẹ sí etí gọ́tà? Ẹni tó bá rí ìdáhùn ìbéèrè yìí ti mọ púpọ̀ nínú bí ìlú ṣe ń dàgbà, kì í ṣe ní Accra nìkan.

Ilẹ̀ mì, àdúgbò dìde

Èdè Ga, tí í ṣe èdè àwọn onílẹ̀ Accra, ni orúkọ náà ti wá. Kane ni wọ́n ń pe àtùpà, ohun tí wọ́n sì máa ń sọ nípa ìtumọ̀ Kaneshie ni "abẹ́ àtùpà", nítorí ọjà alẹ́ tí wọ́n ń ná níbẹ̀ nígbà kan rí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ máa ṣàjèjì sí. Ẹni tó bá ti ra ẹ̀kọ àti àkàrà nídìí fìtílà lálẹ́ ti mọ ohun tí wọ́n ń wí.

Láti ọdún 1877 ni àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ti kó olú-ìlú wọn kúrò ní Cape Coast wá sí Accra, ṣùgbọ́n ìlú náà kò tíì tàn dé Kaneshie nígbà yẹn. Ọjọ́ tó yí nǹkan padà ni ọjọ́ 22, Oṣù Kẹfà, ọdún 1939. Ilẹ̀ mì tìtì ní Accra lọ́jọ́ náà, ẹ̀mí bọ́, ọ̀pọ̀ ilé sì wó. Ìjọba ní láti wá ibi tí àwọn tí kò nílé mọ́ máa fi orí pa mọ́ sí. Bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ẹ̀sìtéètì sí ẹ̀yìn ìlú nìyẹn, ní Korle Gonno, ní Mamprobi àti ní Kaneshie.

Àwọn ilé náà kò tóbi, wọ́n tò tẹ̀ léra wọn, òpópónà wọn sì gún régé. Ẹni tó ya àwòrán wọn mọ iye yàrá tó fẹ́ kọ́, ṣùgbọ́n kò lè mọ iye èèyàn tí yóò wá gbé inú wọn. Ọmọ dàgbà, ó fẹ́yàwó, àbúrò ti abúlé dé, ìyá àgbà náà fẹ́ wà nítòsí àwọn ọmọ ọmọ rẹ̀. Bí ìdílé ṣe ń fẹ̀ ni wọ́n ń fi yàrá kún ẹ̀yìn ilé, tí wọ́n sì ń kan ṣọ́ọ̀bù kékeré mọ́ iwájú. Lẹ́yìn tí Gánà gba òmìnira lọ́dún 1957, ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí i láàárín Kaneshie àti àárín ìlú, ní apá Graphic Road. Àwọn òṣìṣẹ́ ń wá ibi tí wọ́n máa gbé, wọ́n sì ń wá ibi tí wọ́n ti máa ra oúnjẹ bí wọ́n bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Ibi tí wọ́n fi ṣe ẹ̀yìn ìlú di ẹnu ọ̀nà ìlú.

Àṣẹ ìjọba dé inú ọjà

Ìjọba náà kò ṣàì fi ọwọ́ rẹ̀ sí ọ̀rọ̀ ọjà. Àwọn Yorùbá ti pẹ́ nídìí òwò ní Accra. Alata ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, orúkọ náà ṣì wà lára ọṣẹ dúdú tí wọ́n ń pè ní alata samina títí dòní. Àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Accra New Town báyìí, Lagos Town ló ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ 18, Oṣù Kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó kúrò. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí, àwọn ìdílé kan ṣì ń sọ bí àwọn òbí wọn ṣe dé pẹ̀lú ìwọ̀nba ẹrù tí wọ́n lè gbé. Ìtẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ́jà bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ó kan àwọn obìnrin Gánà fúnra wọn. Ọjà ti wọ́n gógó, àwọn ológun tí Jerry Rawlings ṣáájú sì ní àwọn ìyá ọlọ́jà ló ń kó ọjà pa mọ́. Ní Oṣù Kẹjọ, ọdún 1979, àwọn sójà wó ọjà Makola Number One tó wà láàárín Accra palẹ̀. Ibi tí ọjà wà di ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n sì sọ ọ́ ní Rawlings Park. Àwọn tí wọ́n wó ọjà mọ́ lórí kò torí ẹ̀ dẹ́kun òwò. Ọmọ ní láti jẹun, wọ́n wá ibòmíràn pàtẹ sí.

Nígbà tó di Oṣù Kìíní, ọdún 1983, ó yí sí ẹ̀yìn. Nàìjíríà ló lé àjèjì lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ọmọ Gánà bíi mílíọ̀nù kan sì kó ẹrù wọn sínú báàgì tí gbogbo ilé Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀, Ghana Must Go. Ọ̀dá àti iná tó ń jó oko ni wọ́n bá nílé. Lọ́dún yẹn kan náà ni ìjọba wọn bẹ̀rẹ̀ ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, èyí tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba lẹ́yìn náà. Kí ni ẹni tí kò níṣẹ́ tí kò sì lówó ṣọ́ọ̀bù máa ṣe? Yóò gbé ọpọ́n kalẹ̀ síbi tí èrò ń gbà kọjá.

Èrò náà kò sì dín kù. Nínú ìkànìyàn ọdún 1984, èèyàn bíi mílíọ̀nù 1.4 ló wà ní ẹkùn Greater Accra. Nígbà tí wọ́n tún kà á lọ́dún 2021, wọ́n ti lé ní mílíọ̀nù 5.4.

Ibi tí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀

Ìlú náà tàn lọ sí ìwọ̀-oòrùn, sí Dansoman, sí Mallam, títí dé Kasoa. Lóòótọ́ ni wọ́n ṣí ọ̀nà ńlá N1 láti Mallam lọ sí Tetteh Quarshie lọ́dún 2012, ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ sí àárín ìlú ṣì ń gba Kaneshie. Láàárọ̀, èrò ń wọlé. Nírọ̀lẹ́, wọ́n ń padà. Gáréèjì wà níbẹ̀, afárá ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, ibi tí wọ́n ń pè ní First Light, nítorí iná tó ń darí ọkọ̀, náà wà níbẹ̀.

Ẹ wo obìnrin kan tó ti ibi iṣẹ́ dé ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ó ti rẹ̀ ẹ́, ọkọ̀ mìíràn ló sì tún kù tó máa wọ̀ kó tó délé lọ dáná. Ata àti ẹja díẹ̀ ló fẹ́ rà. Yóò ha wọ inú ilé ọjà lọ, kó máa wá ìtẹ́ káàkiri, nígbà tí ata wà níwájú rẹ̀ níbi tó ti sọ̀ kalẹ̀? Kò ní í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń tajà nínú ilé, tó ń san owó ìtẹ́, rí i pé ìta ni àwọn oníbàárà ti ń ná owó wọn tán. Òun náà á kó díẹ̀ nínú ọjà rẹ̀ jáde, tàbí kó ní kí ọmọ gbé e kiri. Àwọn ọmọbìnrin alábàárù tí wọ́n ń pè ní kayayei, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti àríwá Gánà, náà ń gbé ẹrù gba àárín wọn kọjá. Bí ọjà ṣe bọ́ sórí títì nìyẹn.

Káńsù ìlú Accra ti lé wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Wọ́n kọ́ ọjà kan sí Odawna, nítòsí Circle, fún àwọn tó ń tajà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn padà sójú ọ̀nà. Lọ́dún 2021, mínísítà ẹkùn náà, Henry Quartey, bẹ̀rẹ̀ ètò kan láti tún Accra ṣe, wọ́n sì ní kí àwọn ọlọ́jà kúrò lójú ọ̀nà. Ará Èkó mọ orin náà. Ọdún 2009 ni ìjọba Fáṣọlá kó ọjà kúrò lójú títì ní Òṣòdì. Lọ́dún 2014, wọ́n ṣí ọjà Tẹ́júoṣó tuntun ní Yábàá, ilé tó dára lójú, àmọ́ owó ṣọ́ọ̀bù ibẹ̀ ju agbára ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ń tajà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ.

Omi kò gbàgbé ọ̀nà rẹ̀

Kì í ṣe pé ìjọba kò ní ẹjọ́ kankan láti rò. Kaneshie rẹlẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi láti àwọn àdúgbò tó yí i ká ibẹ̀ ló ń dà sí, kó tó wá ọ̀nà lọ sínú odò Odaw àti ọ̀sà Korle. Nígbà tí koríko wà nílẹ̀, ilẹ̀ ń mu díẹ̀ nínú rẹ̀. Báyìí, sìmẹ́ǹtì ló bo ibi gbogbo, ọ̀rá omi mímu àti pàǹtírí ọjà sì dí gọ́tà. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní í gbà fún un. Ní Kaneshie, omi ti bo títì lọ́pọ̀ ìgbà débi pé ọkọ̀ kò lè kọjá.

Lálẹ́ ọjọ́ 3, Oṣù Kẹfà, ọdún 2015, àwọn èèyàn sá òjò sí ilé epo kan ní Circle, tí kò jìnnà sí Kaneshie. Omi gbé epo kiri, iná sọ, ó lé ní 150 èèyàn tó kú. Látìgbà náà ni ọ̀rọ̀ gọ́tà ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó lásán ní Accra, ó ti di ọ̀rọ̀ ẹ̀mí. Lọ́dún 2019, Báńkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ lórí ìkún omi àti pàǹtírí ní agbègbè odò Odaw.

Nítorí náà, ìyá tó pàtẹ sí etí gọ́tà wà láàárín ewu méjì. Bó bá dúró síbẹ̀, omi lè gbé ọjà rẹ̀ lọ, ọkọ̀ lè ya lù ú, káńsù sì lè kó o. Bó bá wọlé, ọjà lè má tà, owó ilé-ìwé ọmọ á sì di ìṣòro. Pàṣán kò lè yanjú èyí, bẹ́ẹ̀ ni kí a kàn máa wò ó níran kò lè yanjú ẹ̀. Ẹni tó máa ya àwòrán ọjà ní láti kọ́kọ́ lọ dúró síbi tí èrò ti ń sọ̀ kalẹ̀ ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kó wo ibi tí ẹsẹ̀ wọn ń kọjú sí. Kó fi ẹnu ọ̀nà ọjà síbẹ̀, kó fi ata àti ẹja sítòsí, kó ṣírò iye tí aláta lè san lóòjọ́, kó sì fi ọ̀nà omi sílẹ̀ fún omi.

Bí ilẹ̀ bá ṣú ní Kaneshie, àwọn ọlọ́jà á tan iná. Iná oníbátìrì ló pọ̀ jù báyìí, kì í ṣe àtùpà elépo mọ́. Ìyá á fọ́n omi sórí ata kó má baà rọ, á ka owó tó wà nínú aṣọ rẹ̀, á sì máa wojú ọ̀run bóyá òjò ṣú. Ọkọ̀ mìíràn á dúró níwájú rẹ̀, èrò á sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣì ń tajà lábẹ́ àtùpà.