Àpọ́n Tó Ti Ní Ọmọ-ọmọ

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìgbéyàwó kóòtù kì í kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ́jísírà. Ọ̀dọ̀ àwa atẹ̀wé tí a tẹ́ tábìlì síta kóòtù ló máa ń yà sí, torí ọwọ́ wa ni ìwé ìbúra ti ń jáde. Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́ náà, nígbà tí Ọbásanjọ́ ṣì wà nínú aṣọ ológun. Abẹ́ igi fúrúùtù ni ọ̀gá mi ń jókòó sí, òun àti taipuráítà Olympia rẹ̀ tí ojú lẹ́tà "e" rẹ̀ ti dí. Kábọ́ọ̀nù méjì la máa ń fi sáàárín ìwé mẹ́ta: ọ̀kan fún kóòtù, ọ̀kan fún ọ́fíìsì ìgbéyàwó, ọ̀kan fún ẹni tó ni ín. Ọ̀dà funfun tí wọ́n fi ń pa lẹ́tà rẹ́ kò gbọdọ̀ débẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì, a ó fa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yọ, a ó tún un tẹ̀ látòkè.

Síbẹ̀, ọ̀gá mi kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ kó tó mọ bí wọ́n ṣe ń wádìí ọ̀rọ̀ lẹ́nu oníbàárà. Lójú tirẹ̀, bíbéèrè niṣẹ́ wa, ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀wé. Òfin ìgbéyàwó tí à ń lò ti wà láti 1914, ti Èkó tiẹ̀ ti wà ṣáájú, láti 1884. Ó ní kí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì búra pé ó kéré tán, ẹnì kan nínú wọn ti gbé àgbègbè náà fún ọjọ́ 15. Pé wọ́n ti pé ọmọ ọdún 21, tàbí kí òbí yọ̀ǹda. Pé wọn kì í ṣe ẹbí ara wọn. Àti pé kò sí èyí tó ti fẹ́ ẹlòmíràn sílé nílànà ìbílẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn ló máa ń mú ọkùnrin wolẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ni òfin là kalẹ̀ fún ẹni tó bá dá a láṣà, ọ̀gá mi á sì sọ ọ́ kó tó gbowó. Àwọn kan á dìde, wọ́n á ní àwọn fẹ́ lọ mú nǹkan bọ̀ nílé. A kì í retí wọn.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ló ń jẹ àkókò wa jù lọ. Ọdún 1992 ni òfin tó sọ fífi orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba di dandan káàkiri orílẹ̀-èdè jáde. Àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa ṣáájú ìgbà yẹn, tàwọn ti ìwé ọjọ́ ìbí ò rí ara wọn rí. Ìyá tàbí àgbà ilé ló ń wá búra fún wọn. "Màámi, ìgbà wo lẹ bí i?" "Ìgbà iṣu tuntun ni." Irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ò lè délé ẹjọ́. Ọ̀gá mi á wá gba ọ̀nà mìíràn: ṣé ọmọ náà ti ń rìn nígbà tí ìwé ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀? Ṣáájú ikú Adélabú ni, àbí ẹ̀yìn rẹ̀? Kò sẹ́ni tó dàgbà n'Íbàdàn nígbà náà tí kò mọ ibi tí òun wà lọ́jọ́ tí ìròyìn ikú Adélabú, gbajúgbajà olóṣèlú Ìbàdàn, dé. March 1958 ni. Lọ́dún 1979, ìbéèrè yẹn ló ń yanjú ẹni tó ti pé 21 àti ẹni tí bàbá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá tẹ̀ka.

Fún ẹni tí kò mọ̀wé, òfin ní kí atẹ̀wé ka ìwé náà fún un, kó túmọ̀ rẹ̀ lédè tó gbọ́, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sísàlẹ̀. Orúkọ tèmi wà lábẹ́ ìgbéyàwó ọ̀pọ̀ èèyàn tí mi ò mọ̀lé wọn.

Lẹ́yìn tiwa ló kan rẹ́jísírà. Á kọ orúkọ wọn sínú ìwé ńlá, á lẹ ìkéde mọ́ pátákó, ó sì di ọjọ́ 21 kí wọ́n tó gba ìwé àṣẹ. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá láìṣe é, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Àwọn ọ̀dọ́ ìsinsìnyí ń pe ọjọ́ 21 yẹn ní ìfàkókòṣòfò. Èmi ò gbà. Mo mọ àsìkò tí àwọn èèyàn máa ń dúró ka pátákó yẹn bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Àbúrò ìyàwó tó wà nílé lè kọjá lọ sọ́jà, kó rí orúkọ ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kó wọlé lọ kọ̀wé pé òun ta kò ó. Ọ̀rọ̀ di ti adájọ́ ilé ẹjọ́ gíga nìyẹn. Ìkéde ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì kò lè rọ́pò rẹ̀, torí ará ìta ò sí níbẹ̀.

Kọ̀ǹpútà ló ba iṣẹ́ jẹ́. Àwọn ọmọ tó gbé e dé ti tẹ ìwé ìbúra sílẹ̀, orúkọ nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀. Mo ti rí ti ọkùnrin onírùngbọ̀n kan tó búra pé omidan ni òun, wọ́n sì ti lu òǹtẹ̀ sí i. Ta ló kà á?

Nígbà tí ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ ní December 2021 pé ìjọba ìbílẹ̀ ló lẹ́tọ̀ọ́ láti so tọkọtaya pọ̀, àwọn tó ṣe tiwọn ní ọ́fíìsì ìgbéyàwó ìjọba àpapọ̀ n'Íkòyí ń pè mí lóru. Ilé iṣẹ́ ìjọba ní ìwé wọn ṣì dúró, ara sì rọ̀ wọ́n.

Ní báyìí, àwọn àgbà ló pọ̀ jù nínú oníbàárà mi. Ọmọ ti já pa lọ sí Kánádà, ó fẹ́ mú wọn lọ, ẹ́ńbásì sì ní kí wọ́n mú ìwé ìgbéyàwó wá. Wọ́n ti ṣe ìdána láti nǹkan bí ogójì ọdún, ìwé ni kò sí. Àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà á wá kọ ọ́ pé àpọ́n ni bàbá tó ti ní ọmọ-ọmọ. Èmi ò jẹ́ kọ irú ẹ̀. Òfin gbà kí ẹni tó fẹ́ ìyàwó rẹ̀ nílànà ìbílẹ̀ tún fẹ́ ẹ ní kóòtù, níwọ̀n bó bá ti jẹ́ obìnrin kan náà. Kí bàbá búra sí ìdána, ọdún tí wọ́n ṣe é àti ẹni tó gba owó orí, kó tó lọ bá rẹ́jísírà.

Tèmi wọ́n díẹ̀ ju ti àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà lọ, àwọn kan á sì kọjá sọ́dọ̀ wọn. Bí àwọn ará ẹ́ńbásì bá wá béèrè bí àpọ́n ṣe bí ọmọ ọdún márùndínlógójì fún ìyàwó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́, wọ́n á padà wá. Èmi kì í bá wọn jà. Owó tuntun ni mo ń gbà.