Wọ́n ní kí n lọ ya fídíò ní Zamfara

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fìdí kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iléeṣẹ́ kan tó ń gbé ìròyìn sórí íntánẹ́ẹ̀tì wọ DM mi. Wọ́n fẹ́ kí n lọ ya fídíò àwọn abúlé tí àwọn agbébọn ti lé èèyàn kúrò ní Zamfara. Ọjọ́ mẹ́rin péré. Owó tí wọ́n fẹ́ san, ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì rí irú ẹ̀ látìgbà tí mo ti parí NYSC. Mo ti ń ro ìbòrí tí màá wé nínú fídíò. (Ẹ má bú mi.)

Mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, ṣé o mọ Tayo Awotusin?"

Mi ò mọ̀ ọ́n. Ṣé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n?

December 1989 ni Charles Taylor dá ogun sílẹ̀ ní Làìbéríà. Nígbà tó di August 1990, ECOMOG wọ Monrovia, àwọn sójà Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Bí ọmọ Nàìjíríà ṣe di ọ̀tá lójú àwọn ọmọ ogun Taylor nìyẹn. Inú ogun yẹn ni Tayo Awotusin ti ìwé ìròyìn Champion àti Krees Imodibie ti The Guardian lọ, kí wọ́n lè kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún wa. Kì í ṣe ọta ìbọn tó ṣìnà ló bá wọn o. Àwọn ọmọ ogun Taylor mú wọn ni, wọ́n sì pa wọ́n.

Èyí tó wá ká mi lára: ní 2003, Nàìjíríà wa yìí ló gba Taylor lálejò. Calabar ló ń gbé títí di 2006! Nígbà tí ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 50 ní 2012, torí ohun tó ṣe ní Sierra Leone ni. Ti Làìbéríà ò sí nínú ẹ̀.

Mo ní, "Dádì, ìyẹn ti pẹ́." Wọ́n ní kí n lọ wá orúkọ Zakariya Isa. Kamẹ́rámáànù NTA ni, ní Maiduguri. October 2011, wọ́n yìnbọn pa á nítòsí ilé ẹ̀. Boko Haram ní amí ni. Nítòsí ilé ara ẹ̀ o! Oníròyìn tó ti òkè òkun wá á wọ bàlúù padà. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀, ibẹ̀ náà ló máa sùn.

"Amí" yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ wo fóònù mi: location wà ní títàn, fọ́tò èmi àti kọ́sìn mi tó jẹ́ sójà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá gbà á lọ́wọ́ mi nínú igbó, kí ló máa pè mí?

Mo bi iléeṣẹ́ yẹn: tí mo bá farapa, ta ló máa san owó ọsibítù? Tí wọ́n bá jí mi gbé ńkọ́? Ṣé ẹ ní aṣọ tí ọta kì í wọ̀? Wọ́n fèsì pé Ọlọ́run á ṣọ́ mi. Àmín o. Mo ní mi ò lọ.

Àná ni mo rí i lórí status ọmọkùnrin kan tí a jọ ń ṣe content, ọmọ ọdún 22, pé òun ń lọ sí Gusau. Iṣẹ́ yẹn náà ni. Mo pè é, kò gbé e. Mo kọ gbogbo èyí ránṣẹ́ sí i.

Tick kan ṣoṣo ló ṣì ń fi hàn.